Ẹni Tó Bá Yan Jíà Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́

Àfonífojì Ghund
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2002

Ofarid ọmọ mi,

Yo Ali Madad, bí a ti ń kí ara wa nílé. Gbogbo ilé ní kí n kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kí ọ, Nekbakht ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, màlúù wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ìbá kí ọ pẹ̀lú bó bá mọ̀wé. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Orenburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún? Láti ìgbà ìkórè ọ̀dùnkún ni a kò ti gbúròó rẹ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tó ń tú ọkọ̀ akẹ́rù palẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í ní ọwọ́ tó mọ́ tó láti fi mú bíírò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí.

Ọ̀rọ̀ Kamaz, ọkọ̀ akẹ́rù wa, ló mú mi kọ̀wé. Àwọn jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán. Nígbà tí mo gbé ọ̀dùnkún gun òkè Koitezek, wọ́n ń hu bí ajá tí ebi ń pa. Mo ń bẹ̀ ọ́, bá mi wá òmíràn lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ti táyà àárín àti ti táyà ẹ̀yìn, kí iye eyín wọn bára mu. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé bí ọ̀kan bá ń sáré tí èkejì ń rìn, wọn á fọ́ ara wọn. Wá táyà tó bá a lọ pẹ̀lú. Jíà àti táyà, ìkòkò àti ọmọrí ni. Bí táyà bá ga jù, agbára jíà ló ń jẹ.

N kò ní sọ èyí tí o máa rà fún ọ. Ìwọ ni kó yàn. O mọ bí a ti ń ṣe é láàárín àwa awakọ̀ Ghund. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó gbé jíà méjì lé e. Ọ̀kan ni onísùúrù, tí ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ máa ń yí nígbà méje kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan; kò mọ eré sá, ṣùgbọ́n kò sí òkè tí kò ní gùn. Èkejì ni oníkánjú, tí tirẹ̀ kò ju bíi márùn-ún lọ. Ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà fún. Àwọn àgbà awakọ̀ jókòó, wọ́n ń mu tíì oníwàrà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ mi. Mo gbé onísùúrù. Ni wọ́n bá ní, “Ó ti gba kọ́kọ́rọ́.” Ẹni tó bá gbé onísùúrù ti sọ lójú gbogbo ayé pé òkè yìí lòun á máa gùn títí. Ẹni tó bá gbé oníkánjú, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, a ó sì kí i pé ọ̀nà á re.

O ní ọdún méjì péré lo fẹ́ lò lọ́hùn-ún. Mi ò bá ọ jà. Àmọ́ ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀, Ofarid.

Bàbá rẹ,
Shogunbek


Orenburg
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 2002

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà òtútù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Màámi, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún Nekbakht kó má baà rán èébú sí mi. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Iṣẹ́ ló pọ̀, àárẹ̀ ló pọ̀, tí n bá sì mú ìwé, n kì í mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Jíà tó fọ́, tó dáa, tó wà láàárín méjèèjì, ó kún ọgbà tí a ti ń tú ọkọ̀ bí òkúta odò. Kò níí ṣòro. Ẹ kàn sọ fún mi: àpò ìyẹ̀fun mélòó lẹ ń kó báyìí? Ṣé ẹ ṣì ń kó ju bó ṣe yẹ lọ? Ní ti táyà, mo rí àwọn kan tó ga ju tiyín lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n wuyì lójú. Ọkọ̀ á ga sókè, abẹ́ rẹ̀ kò ní máa gbá òkúta.

Ṣùgbọ́n Bàbá, àyà yín ńkọ́? Nekbakht kọ̀wé sí mi pé ètè yín dúdú nígbà tí ẹ dé òkè Koitezek, pé ẹ wó sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, ẹ kò sì lè dìde. Ẹ kò sọ ìyẹn fún mi. Ṣé dandan ni òkè yẹn? Àwọn tó ń kó òwú àti sìmẹ́ńtì ní ìsàlẹ̀, ní apá ìlú Dushanbe, kò sí èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ́n nínú wọn.

Ní ti yíyàn, mo ti gbọ́. Mo ń rò ó.

Ọmọ yín,
Ofarid


Àfonífojì Ghund
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà, 2002

Ofarid ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ gbà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí Nekbakht kà á fún òun, kò sì pẹ́ tó tún ní kó kà á sí i.

Nekbakht ní ẹnu ju ẹyẹ ìbákà lọ. Àárẹ̀ ló mú mi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi gun òkè yẹn títí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀.

O ń bi mí léèrè táyà gíga. Ìwọ kò gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí Gulbek ni? Ó fi táyà gíga sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó wá ń wò wá láti òkè bí ọba. Ó dé ìdajì Koitezek, ọkọ̀ kọ̀, ẹ́ńjìnnì ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó fà á dé òkè? Màlúù onírun méjì ti àwọn ará Kírígíìsì! Alifsho sọ fún un pé, “Gulbek, ọkọ̀ rẹ ga lóòótọ́, àwọn màlúù náà ló sì ga jù ú lọ.” Títí dòní a kì í jẹ́ kó mu tíì tán ká tó bi í pé báwo ni àwọn màlúù. Àmọ́ mo ti sọ pé ìwọ lo máa yàn. N kò ní tọ́ ọ.

Mo ti sọ fún Alifsho àti gbogbo awakọ̀ tó kù. Ọjọ́ tí àpótí bá dé ni wọ́n máa wá bá mi ṣí i. Mo ti ya àgùntàn kan sọ́tọ̀, èyí tó ní ìwo yíyí. Ìyá rẹ ti ń fi amọ̀ tuntun pa yàrá rẹ, ẹnì kankan kò sì rán an níṣẹ́ náà. Jọ̀wọ́, jẹ́ kó dé kí yìnyín tó di ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Shogunbek


Orenburg
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, 2002

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé.

Ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ará Kírígíìsì kan ló gbé e gba ọ̀nà Osh, á já a sílẹ̀ fún yín ní Murghab. Jíà wà níbẹ̀ fún ti àárín àti ti ẹ̀yìn, táyà náà sì wà níbẹ̀. Mo fi aṣọ ìborí olóríṣiríṣi òdòdó sínú rẹ̀ fún Màámi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ dákun, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ ṣí i. Ẹ jẹ́ kí àgùntàn náà máa jẹ koríko rẹ̀.

Ofarid


Àfonífojì Ghund
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2002

Ofarid,

Ilé kí ọ. Aṣọ ìborí dé ọwọ́ ìyá rẹ, ó fi ń nu ojú.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Àpótí dé, mo pa àgùntàn. Àwọn awakọ̀ wá tòun ti fìlà tuntun lórí. Wọ́n jẹ ẹran àjẹyó, wọ́n ń pè mí ní bàbá awakọ̀. Alifsho fi òòlù ṣí àpótí. Táyà ló kọ́kọ́ rí. Ó fi ọwọ́ pa á lójú, ó ní, “Èyí ga o, ojú rẹ̀ sì dán. Lórí òkúta Koitezek, á máa yọ̀ bí ọṣẹ.” Mo ní kó máa gbé jíà bọ̀, kó yé ṣàròyé. Ó gbé e lé itan, ó ń fi ìka tó kún fún ọ̀rá ẹran ka eyín rẹ̀. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá wò mí.

Ó ní, “Shogunbek, má bínú. Oníkánjú ni.”

Mo ní, “O kà á ṣì.”

Ó ní, “Wá kà á fúnra rẹ.”

Gulbek fẹ́ fi àwàdà tù wá lára. Ó ní bóyá o fẹ́ kí n máa fi ìyẹ̀fun sáré ìje ni. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ, pé ilẹ̀ Rọ́ṣíà kún fún olè. Alifsho bi mí ní ohùn kékeré pé, “Ọmọ tó ń tú ọkọ̀ lójoojúmọ́, ta ló máa rẹ́ ẹ jẹ nínú iye eyín?” Mo fẹ́ gbá a létí, ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà. Wọ́n sáré nu ọwọ́ wọn, wọ́n lọ. Ó yẹ kí wọ́n kí wa pé ọ̀nà á re. Àánú mi ni kò jẹ́ kí wọ́n kí wa.

Lẹ́tà rẹ tó ní kí n má pe ẹnikẹ́ni dé lẹ́yìn tí a ti jẹ ẹran náà tán. Mo ti kà á. Síbẹ̀, sọ fún mi pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ, mo sì máa gbà ọ́ gbọ́. Tètè kọ̀wé.

Shogunbek


Orenburg
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2002

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ kíkí tí mo lè kí yín tí ẹ máa jẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mo ka eyín náà, èmi ni mo nu epo ara rẹ̀, èmi ni mo kàn án mọ́ inú àpótí. Onísùúrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e kalẹ̀. Bí mo bá fi í ránṣẹ́, mo ti purọ́ níwájú gbogbo àgbà Ghund nìyẹn. Bí n kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ ó máa retí mi. Mo wá rò pé irin ni kó bá mi sọ ọ́, torí pé ẹnu mi kò lè sọ ọ́.

Ẹ má rò pé mo kọ̀ yín. Oníkánjú yẹn dáa gan-an ní ìsàlẹ̀. Ẹ fi í sí ọkọ̀, ẹ gbé táyà yẹn sábẹ́ rẹ̀, ẹ kó Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dushanbe. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́. Ẹ ó kó sìmẹ́ńtì, ẹ ó máa jẹ èso àjàrà, àyà yín á fẹ̀. Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tó máa fún yín níṣẹ́. Ohun tí mo yàn fún yín nìyẹn, kì í ṣe ikú.

Nǹkan kan tún wà tó dè mí mọ́ ibí. N ó sọ ọ́ nígbà tí a bá fojú kan ara wa.

Ofarid


Àfonífojì Ghund
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní, 2003

Ofarid,

Èmi Nekbakht ni mo ń kọ̀wé. N kò kí ọ, nítorí inú ń bí mi. Màámi ní kí n kí ọ, torí náà, a kí ọ.

Bàbá ka lẹ́tà rẹ, ó ká a, ó fi sínú fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ òòlù lẹ́yìn ilé. Jíà rẹ ló ń fi sí ọkọ̀! Alifsho wá bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, òkúta lo fẹ́ fi bọ́ ẹṣin yìí.” Bàbá ní, “Ọmọ mi ló yàn án. N kò ní ju ohun tí ọmọ mi yàn sí ààtàn.” Ó gbé táyà dídán yẹn sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kó ìyẹ̀fun àwọn ará Alichur, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, torí wọ́n ti ń retí rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn tó fẹ́ lọ.

Gulbek wọ ọkọ̀ kékeré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun ló sọ fún wa. Ó ní ọkọ̀ kò lè gun Koitezek. Jíà kìíní tó lọ́ra jù pàápàá kò ràn án lọ́wọ́. Bí Bàbá bá ti tẹ epo, ẹ́ńjìnnì á kú. Bàbá bá sọ̀ kalẹ̀, ó já ìdajì àwọn àpò náà sínú yìnyín, ó fi ọkọ̀ gbé ìdajì lọ sókè, ó já a sílẹ̀ lókè, ó padà wá gbé ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é ní gbogbo ibi tó ga. Òun ló ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé àwọn àpò náà sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gbé wọn padà sínú ọkọ̀. Gulbek fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó lé e. Ó ní, “Ọwọ́ ọmọ mi wà níbí, fi wá sílẹ̀.” Ìyẹ̀fun dé Alichur. Bàbá kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Orí pákó ni wọ́n fi gbé e wọlé. Ó wà lórí ibùsùn báyìí, bó bá wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ni.

Nǹkan tó sì dè ọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a ti gbọ́ ọ. Ìyàwó Alifsho lọ wo àbúrò rẹ̀ ní Orenburg. Ó ní o ti fẹ́ obìnrin Rọ́ṣíà kan, ẹ sì ní ọmọbìnrin tó ti ń rìn. Ìdí ààrò búrẹ́dì ló ti sọ ọ́, etí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ṣé àlejò ló yẹ kó wá sọ fún ìyá rẹ pé ó ti di ìyá àgbà? Bàbá bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ọmọ náà jọ wá.

O gbọ́n jù, Ofarid. Ọgbọ́n rẹ fẹ́ pa bàbá wa.

Nekbakht


Orenburg
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, 2003

Nekbakht ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ gbọ́. Lyuda lorúkọ rẹ̀. Mo ń bẹ̀rù bí n ó ti sọ ọ́, bí mo sì ti ń bẹ̀rù ni ọmọ ń dàgbà.

Mo ti fi onísùúrù ránṣẹ́, ti àárín àti ti ẹ̀yìn, eyín wọn bára mu, pẹ̀lú táyà tó ní ẹ̀ka bí ọwọ́, èyí tó ń gbá òkúta mú, tí kò ga jù. Ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n yọ èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo ti yàn án. Mò ń bọ̀ ní ọdún Navruz, ní oṣù kẹta. Èmi fúnra mi ni n ó tò ó, èmi ni n ó wa ọkọ̀ náà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ fún un kó máa jẹun.

Ofarid


Àfonífojì Ghund
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 2003

Ofarid ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ ọmọ mi. Ọwọ́ Nekbakht ni mo fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má ṣe fi tirẹ̀ kún un.

Navruz ti kọjá. Ìyá rẹ se ọkà alikámà, ó sì bu tìrẹ sọ́tọ̀ títí ó fi kan. N kò fi ìyẹn bú ọ.

Onísùúrù rẹ dé. Àwọn awakọ̀ gbọ́, wọ́n wá láìsí ẹni tó pè wọ́n, wọ́n sì ka eyín rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn mi. Alifsho pariwo pé, “Ofarid ti gba kọ́kọ́rọ́!” Mo ní kó dákẹ́. Jíà tí ẹ̀rù ikú bàbá mú wá, a kì í pe ìyẹn ní yíyàn. Ó ṣì wà nínú àpò rẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò ó.

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Èmi sọ àbọ̀, ìwọ náà fi àbọ̀ dá mi lóhùn, a sì fi irin tó wúwo ránṣẹ́ síra wa káàkiri ayé. Àyà mi kò gba àbọ̀ mọ́. Jẹ́ kí n bi ọ́ bí bàbá ti ń bi ọmọ, láìsí àgùntàn, láìsí Alifsho.

Ofarid, ṣé wàá wá sílé?

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ rárá, kọ rárá, má fi oyin sí i. Bẹ́ẹ̀ ni tí kì í ṣe òótọ́ ni n kò lè gbé mọ́.

Bàbá rẹ,
Shogunbek


Orenburg
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, 2003

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí Màámi, mo kí Nekbakht tó ń ka èyí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á bó ṣe wà, ẹ má fò ó.

Rárá, Bàbá. Mi ò ní wá sílé.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Navruz lóòótọ́. Mo dé ibùdókọ̀ ojú irin tòun ti àpò mi. Dasha, ọmọ mi, di etí ẹ̀wù mi mú, kò sunkún, ó kàn dì í mú ni. Mi ò lè ṣí ọwọ́ rẹ̀. Èmi kan ṣoṣo ni mo wà, ẹ̀yin àti òun lẹ sì jọ ń pè mí, òun ni mo sì dá lóhùn. Mo ń sunkún bí mo ti ń kọ èyí, Lyuda ń bi mí kí ló dé, mi ò mọ bí n ó ti sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀.

Ẹ bèèrè bóyá ọmọ náà jọ wá. Bẹ́ẹ̀ ni, Dasha jọ yín. Ó jọ yín níwájú orí, àti nínú oríkunkun.

Ẹ pe àwọn àgbà padà. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn òkè yẹn, kó yàn níwájú wọn, kí ẹ sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ yín,
Ofarid